Bí mo ṣe gbin igi 6 síwájú ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀nà tó já sí Lágéré ni àwọn ṣọ́ọ̀bù náà wà, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kọjú sí. Láàárín ògiri wọn àti gọ́tà, ilẹ̀ gbalasa tó tó ẹsẹ̀ bàtà 14 ló wà níbẹ̀. Láti aago 1 ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, orí ọjà gan-an ni oòrùn ń bọ́ sí. Irú ibẹ̀ ni igi ti wúlò jù nínú ìlú. Òjìji rẹ̀ á ti bo ògiri kí ògiri tó gbóná, ewé rẹ̀ á sì máa tú omi tí gbòǹgbò fà sínú afẹ́fẹ́, ìyẹn ni abẹ́ igi ṣe tutù ju abẹ́ páànù lọ. Nínú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí, tí Arieh Sharon ará Ísírẹ́lì yàwòrán rẹ̀, ẹ ó rí ilé tí òkè rẹ̀ yọ síta ju ìsàlẹ̀ lọ, kí oòrùn àti òjò má baà ráyè bá fèrèsé. Ilé tí kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀, igi ni yóò bá a ṣe iṣẹ́ náà.

Kí n tó lọ bá olódòdó kankan, òkè ni mo kọ́kọ́ wò. Wáyà iná gba orí ìdajì ilẹ̀ náà kọjá. Mo wo ilẹ̀ pẹ̀lú, mo bi àwọn onílé níbi tí páìpù omi gbà, mo fi okùn àti èèkàn sàmì sí i. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó ètò ìlú ní kánsù, nítorí ilẹ̀ etí títì kì í ṣe ti onílé nìkan. Ẹ̀yìn náà ni mo bá àwọn ìyá onísọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni pé igi á bo pátákó wọn. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi fi gbogbo ihò sí ààlà ṣọ́ọ̀bù méjì, tí ìkankan kò sí lọ́gangan ẹnu ọ̀nà.

Odán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dárúkọ, torí òun ni igi ojú ọjà àti iwájú ààfin látayébáyé. Igi iyì ni, ṣùgbọ́n pápá ló fẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ á nípọn débi tí yóò fi ti ògiri gọ́tà. (Páìpù tó dá ṣáká, gbòǹgbò kì í sáábà fọ́ ọ, ibi tó ti sán, tí omi ti ń jò, ló ń bá wọlé.) Igi ṣóńṣó tí wọ́n ń pè ní masquerade, tó wà létí fẹ́ńsì káàkiri ìlú, kò gba àyè, àmọ́ kò sí òjìji gidi lábẹ́ rẹ̀. Àkòko 3 ni mo fi sábẹ́ wáyà, ẹsẹ̀ bàtà 20 síra wọn. Igi tí wọ́n ń já ewé rẹ̀ lé olóyè lórí yìí kì í fẹ̀ jù, bí a bá sì gé e, á tún rú. Níbi tí kò sí wáyà, igi fúrúùtù 3 (èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní almond), ẹsẹ̀ bàtà 30 síra wọn, torí ẹ̀ka rẹ̀ ń tẹ́ bí agboòrùn. Àléébù rẹ̀ ni ewé ńláńlá tó ń wọ́ sílẹ̀, tó lè dí gọ́tà. Ẹni tí yóò máa gbá a gbọ́dọ̀ wà. Gbogbo ihò fi ẹsẹ̀ bàtà 5 jìnnà sí gọ́tà.

Oṣù Okúdù ni mo gbẹ́ ilẹ̀, kí gbòǹgbò lè mú kí ọyẹ́ tó dé. Ọ̀rá tí ọmọ igi wà nínú rẹ̀ jìn ní ínṣì 12. Ínṣì 12 náà ni ihò mi jìn, ṣùgbọ́n mo mú un fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ jìn jù tí ẹ sì da ilẹ̀ rírọ̀ padà sábẹ́, igi á rì tí òjò bá ti rọ̀ lù ú. Fífẹ̀ ló ṣe kókó, torí ilẹ̀ etí títì ti le bí àpáta lábẹ́ ẹsẹ̀ àti ọkọ̀. Dígà ni mo fi là á kí ṣọ́bìrì tó wọlé. Mo rọ omi kún ihò kọ̀ọ̀kan ní alẹ́. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, 4 ti gbẹ, omi ṣì dúró nínú 2. Àfọ́kù táìlì àti sìmẹ́ǹtì tó ti gan ló wà lábẹ́ àwọn yẹn. Mo sún ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Èkejì kò ní ibi tí a lè sún un sí, nítorí náà mo gbin igi rẹ̀ ga ju ilẹ̀ lọ ní ínṣì 3, mo sì fi ilẹ̀ yí i ká bí ebè tó rọra dà gẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo fi bíléèdì la ọ̀rá, mo yẹ ìdí ìṣù ilẹ̀ náà wò dáadáa. Nínú fúrúùtù kan, gbòǹgbò ti lọ́ po nísàlẹ̀ bí okùn tí wọ́n ká sínú garawa. Bí a bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, bí igi ṣe ń sanra ni gbòǹgbò yẹn á máa fún un lọ́rùn. Mo fi bíléèdì la ẹ̀gbẹ́ ìṣù náà lójú mẹ́ta, láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì tú ìka gbòǹgbò síta. Ibi tí ìdí igi ti ń fẹ̀ di gbòǹgbò gbọ́dọ̀ hàn lókè ilẹ̀. Ẹni tó bá bò ó mọ́lẹ̀, èèpo igi rẹ̀ á jẹrà.

Ilẹ̀ tí mo gbẹ́ jáde náà ni mo dá padà, mo kàn ṣa òkúta àti sìmẹ́ǹtì kúrò. Imí adìẹ tútù ń jó gbòǹgbò. Èyí tó ti jẹrà dúdú ni mo fọ́n sókè ilẹ̀, garawa kan fún igi kan. Koríko gbígbẹ ínṣì 3 ló tẹ̀ lé e, mo sì fi àyè ọwọ́ kan sílẹ̀ yí ìdí igi ká kí ikán má baà gba ibẹ̀ gun igi. Ọparun kan ni mo fi gbè é, túùbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni mo fi so ó, kò fún jù, torí igi tí atẹ́gùn ń mì díẹ̀ ló ń lágbára. Àwọ̀n wáyà tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4 wà fún ewúrẹ́.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ni igi kọ̀ọ̀kan ń mu, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo ń rọra dà á. Nígbà ọyẹ́, àkòko kan wọ́ gbogbo ewé rẹ̀. Mo fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀, abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, mo bá ń bomi rin ín lọ. Nígbà tí òjò dé, ó rú.

Kọnkéré wà lára ohun tó ń pa igi ìlú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4 sílẹ̀ yí igi kọ̀ọ̀kan ká. Omi àti afẹ́fẹ́ ni gbòǹgbò ń bá wá sókè ilẹ̀. Bí a bá dí i pa, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti orí, tàbí kí gbòǹgbò gbé kọnkéré náà dìde.

Ọdún kejì ni mo tú ọparun, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí orí ènìyàn á fi lè kọjá ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Ayùn ni mo lò, kì í ṣe àdá. Mo kọ́kọ́ rẹ́ ẹ̀ka náà díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kí n tó gé e láti òkè, kí ìwúwo rẹ̀ má baà bó èèpo igi lọ.