Bí mo ṣe kọ àlàyé sórí àwọn function abẹ́nú nínú kóòdù wa

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni ọ̀gá mi gbé fáìlì kan lé mi lọ́wọ́, utils.py ló ń jẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi èdè Python kọ kóòdù náà ti mọ̀ pé gbogbo ẹrù tí ò bá nílé, inú utils ló máa ń sùn. Wọ́n ní kí n kọ àlàyé sórí àwọn function (ègé kóòdù tó ní orúkọ, tó ń ṣe iṣẹ́ kan) inú ẹ̀ torí ẹni tuntun kan ń bọ̀, wọn ò sì fẹ́ kó máa fi ìbéèrè da gbogbo ọ́fíìsì láàmú. Software ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù là ń ṣe o, iye tí ọmọ ẹgbẹ́ dá, iye tó yá, iye tó kù lọ́rùn ẹ̀, àti SMS tí a máa ń fi ránṣẹ́ sí wọn tówó bá wọlé. Mo ka function ibẹ̀, 41 ni, 34 nínú wọn ló sì fi underscore (àmì _ yìí, tó ń sọ pé ti abẹ́nú ni, kì í ṣe fún ará ìta) bẹ̀rẹ̀ orúkọ: _norm_phone, _to_kobo, _fix2 (ẹ rántí èyí o).

Underscore yẹn, bíi kọ́tìnì yàrá ìyá àgbà ni. Kò ní kọ́kọ́rọ́, Python ò ní dá ẹnikẹ́ni dúró, àmọ́ ọmọ tó bá gbọ́n mọ̀ pé àlejò kì í wọ ibẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo sáré ṣe bí akínkanjú, mo kọ docstring (àlàyé tá a ń kọ sínú function fúnra ẹ̀) sí bíi ogún láàárín wákàtí méjì, inú mi ń dùn, àfi ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yọjú wo kọ̀ǹpútà mi, ó ka ọ̀kan sókè: “Ó gba nọ́ńbà fóònù, ó tún nọ́ńbà fóònù ṣe, ó dá a padà.” Ó ní, “Bàbá, ta lo ń sọ fún? Ẹni tó bá lè ka Python ti rí gbogbo ẹ̀ kó tó débẹ̀.” Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, NEPA náà sì mú iná lọ, bí ọjọ́ yẹn ṣe lọ nìyẹn.

Mo wá lọ wo PEP 8, ìyẹn ìwé ìlànà ìkọ̀wé kóòdù tí àwọn tó ń ṣe Python fúnra wọn ń tẹ̀ lé láti 2001. Ó ní function tí ará ìta ń lò gbọ́dọ̀ ní docstring, ti abẹ́nú ò pọn dandan, ṣùgbọ́n kéèyàn fi comment (àlàyé lásán tí Python máa ń fò) sábẹ́ ìlà def, níbi tí function ti bẹ̀rẹ̀, kó sọ ohun tó ń ṣe. Èmi ò tẹ̀ lé e tán o, docstring náà ni mo lò, àmọ́ ó jẹ́ kí n ronú nípa ẹni tó máa kà á. Ẹni tó ń ka ti abẹ́nú kì í ṣe ẹni tó fẹ́ lò ó, ẹni tó fẹ́ tú u ni. Ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀ àti ohun tó máa bàjẹ́ tó bá fọwọ́ kàn án ló ń wá.

Ẹ wo _norm_phone. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó sọ nọ́ńbà tó fi 0 bẹ̀rẹ̀ di ti 234. Ìlà kan wà nínú ẹ̀ tó ní tí nọ́ńbà bá jẹ́ ẹyọ 10 péré, kó gbà á. Mo ní irú wàhálà wo nìyí, nọ́ńbà Nàìjíríà ẹyọ 11 ni, mo ti fẹ́ gé e dànù tán kí n tó ní kí n bi ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́, wọ́n ti japa, Kánádà ni wọ́n wà. Mo fi WhatsApp ránṣẹ́, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi èyí ṣe?” Ó di òru kí wọ́n tó dáhùn: “Àbúrò, má fọwọ́ kàn án o! Akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ń fi Excel ránṣẹ́.” Ìgbà yẹn ló yé mi. Téèyàn bá tẹ 0803 àti méje tó kù sínú Excel, ó máa rò pé iye owó lásán ni, á gbé òdo iwájú mì, ó ku 10. Ká ní mo ti gé ìlà yẹn, ìdajì ọmọ ẹgbẹ́ ò ní rí SMS gbà. Àlàyé tí mo kọ síbẹ̀ ò ju ìlà méjì lọ: Excel ló ń jẹ òdo, ẹ má yọ ọ́.

_to_kobo tó ń sọ náírà di kọ́bọ̀ náà nìyẹn. Wọ́n fi round (tó ń mú nọ́ńbà lọ sí odidi tó sún mọ́ ọn jù) sí i dípò int (tó kàn ń gé ohun tó bá lé lórí odidi dànù), ẹnikẹ́ni lè rò pé ọ̀kan náà ni. Ẹ tẹ int(4.35 * 100) kẹ́ ẹ wò ó, 434 ló máa gbé wá dípò 435, torí 434.999 ni kọ̀ǹpútà rí, kọ́bọ̀ kan ti sá lọ, ẹ sì mọ àwọn ìyá alájẹṣẹ́kù, kọ́bọ̀ kan ò lè sọnù kí wọ́n má béèrè! Mo fi àpẹẹrẹ yẹn sínú docstring bó ṣe máa rí nínú Python gan-an, pẹ̀lú >>> níwájú ẹ̀, kí doctest, irinṣẹ́ Python tó ń dán àpẹẹrẹ inú docstring wò, lè máa yẹ̀ ẹ́ wò, tẹ́nì kan bá yí i padà láìmọ̀, á pariwo.

Ohun tí mi ò retí ni pé márùn-ún nínú àwọn function yẹn, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n mọ́. Mo ti fi ogún ìṣẹ́jú ronú lórí ọ̀kan kí n tó fi grep (àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì) wá orúkọ ẹ̀ káàkiri. Ẹ kọ́kọ́ fi grep wá a o, kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun.

Tí mo parí, mo ní kí Sphinx, irinṣẹ́ tó ń sọ docstring di ojú ewé kíkà, ṣe ojú ewé ẹ̀, ó gbé e jáde, kò sí ẹyọ kan lára àwọn abẹ́nú níbẹ̀. Àyà mi já. Àṣé bí autodoc, apá Sphinx tó ń kó docstring jọ, ṣe ń ṣe nìyẹn, ó máa ń fo orúkọ tó bá ní underscore níwájú, àfi téèyàn bá fi àṣẹ private-members sí i. A ò fi sí i, ará ìta ò nílò ẹ̀. Help, àṣẹ Python tó ń fi àlàyé hàn, náà máa ń fi wọ́n pamọ́ téèyàn bá pe gbogbo fáìlì, ṣùgbọ́n help(_norm_phone) ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ẹni tuntun náà dé, ọmọbìnrin kan tó já fáfá, ó ka fáìlì yẹn tán kó tó di ọ̀sán, ó wá bá mi nídìí tábìlì: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kí ni _fix2 ń fix?”

Òun nìkan ni mi ò kọ nǹkan kan sí. Mo tún ti fi WhatsApp ránṣẹ́ sí Kánádà.