Fọ́ọ̀mù kan ló dá mi dúró nígbà tí mo lọ kọ́ àṣà Scotland

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Owó tí mo ná sórí máàstà mi, tó dá lórí àṣà àti ìṣe àwọn ará Scotland, kọjá ohun tí mo ṣètò, kì í sì í ṣe owó ilé-ìwé tàbí físà ló fà á. Ẹni tó bá ti gba físà UK rí mọ bí ìyẹn ṣe ń lọ: ìwé báńkì ọjọ́ 28, àyẹ̀wò ikọ́ ife, owó ìlera tí wọ́n ń gbà ṣáájú. Gbogbo ìyẹn ni mo ti ṣírò. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé kí n tó lè jókòó ti ìyá àgbàlagbà kan, kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ orin fún mi, ìgbìmọ̀ kan ní yunifásítì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ ethics ni wọ́n ń pè é, àwọn tó ń rí i pé ìwádìí kò pa ẹni tí wọ́n bá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lára. Òun ló jẹ́ kí n sanwó yàrá kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́. Ẹni tó bá rò pé kilt àti fèrè alápò ni gbogbo àṣà Scotland, kó lọ jókòó sí kíláàsì wọn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé lẹ́yìn ogun Culloden ní 1746, ìjọba fi òfin de aṣọ àwọn ọkùnrin Highlands, agbègbè olókè ní àríwá Scotland, ó sì di 1782 kí wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa Calum Maclean, ẹni tí School of Scottish Studies ní Edinburgh kọ́kọ́ gbà láti máa kó ìtàn jọ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1951, tó ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ láti ilé dé ilé kí ohun tí àwọn àgbà mọ̀ má bàa bá wọn wọ sàréè. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hamish Henderson, tí òun náà ń kó orin jọ, tó ṣàwárí akọrin Jeannie Robertson ní Aberdeen ní 1953. Ìdílé àwọn Travellers, àwọn tó ń ṣí kiri, ni obìnrin yìí ti wá, àwọn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, síbẹ̀ orin àtijọ́ tó mọ̀ pọ̀ débi pé àwọn ọ̀mọ̀wé ń ti òkèèrè wá gbọ́ ọ.

Ìṣẹ́yìn ni mo ti wá, ìdí òfì ni ìyá tó bí ìyá mi ti jẹun. Nígbà tí olùkọ́ wa sọ pé òfin kan wà láti 1993 tó ní aṣọ kankan kò lè máa jẹ́ Harris Tweed àfi bí ará Outer Hebrides, àwọn erékùṣù tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Scotland, bá fọwọ́ hun ún nínú ilé ara rẹ̀, pẹ̀lú irun àgùntàn tí wọ́n pa láró tí wọ́n sì ran ní àwọn erékùṣù yẹn kan náà, mo jókòó dáadáa. Àwa tí aṣọ òkè tí ẹ̀rọ hun ti ń ti òkè òkun wá kún ọjà wa, ta ló ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún wa?

Ọjọ́ náà ni mo ti mú orin waulking, orin tí àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń gbá aṣọ, fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Láyé àtijọ́, bí aṣọ bá ti kúrò lórí òfì, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, àwọn obìnrin á jókòó yí pátákó gígùn ká, wọ́n á máa gbá aṣọ tútù yẹn mọ́ pátákó títí á fi sún kì. Ẹnì kan á máa dá orin, àwọn yòókù á máa gbè é, kí ọwọ́ wọn lè ṣọ̀kan. Wọn kì í kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì lórí aṣọ kan, torí wọ́n gbà pé kì í mú oríire wá. Ní àárín ọ̀rúndún tó kọjá, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó fojú rí i ní kékeré ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín bí ẹ ṣe ń ka ohun tó kàn.

Nínú oṣù January ni mo fi fọ́ọ̀mù ethics ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Nígbà tí èsì máa dé, wọ́n ní àwọn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ti dàgbà jù, pé wọ́n wà lára àwọn tí èèyàn lè tètè rẹ́ jẹ, kí n wá ṣàlàyé bí mo ṣe máa dáàbò bò wọ́n. Èmi tí wọ́n kọ́ láti kúnlẹ̀ kí àgbà kí n tó la ẹnu! Mo kọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, mo fi ránṣẹ́ padà.

Wọ́n tún dá a padà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ohùn tí mo bá gbà sílẹ̀ máa wà, ẹni tó máa lè gbọ́ ọ, àti ọjọ́ tí màá pa á rẹ́. Pa á rẹ́ kẹ̀? Ohùn ẹni tó lè jẹ́ ẹni ìkẹyìn tó mọ orin kan ní abúlé rẹ̀? Bí Calum Maclean bá ti pa tirẹ̀ rẹ́, kí ni à bá máa kọ́ ní kíláàsì lónìí? Alábòójútó iṣẹ́ mi gbà pẹ̀lú mi. Ó bá mi kọ lẹ́tà pé kí wọ́n jẹ́ kí ohùn náà lọ sí ibi ìpamọ́ tí ẹni tó ni ín bá fọwọ́ sí i. Lẹ́tà yẹn náà tún lọ tò sórí ìlà.

Lẹ́yìn náà ló kan ti èdè. Wọ́n ní kí n wá atúmọ̀ tó níwèé ẹ̀rí láti túmọ̀ ìwé àlàyé àti ìwé ìyọ̀ọ̀da sí Gaelic, èdè àbáláyé àwọn erékùṣù yẹn. Mi ò bá Gaelic jà o. Láti 2005 ni òfin ti gbà á ní èdè ìjọba ní Scotland, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbogbo àwọn tí mo fẹ́ lọ bá ló ń ka Gẹ̀ẹ́sì bí omi, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn nílé-ìwé. Àpò ara mi ni owó atúmọ̀ ti jáde. Nígbà tí mo fi ránṣẹ́, kò sí ẹnì kankan nínú ìgbìmọ̀ tó lè kà á. Wọ́n ní kí n dúró de ẹni tó máa bá wọn kà á. Ẹni náà ti lọ ìsinmi Àjíǹde.

Yàrá tí mo ti san owó rẹ̀ ní Stornoway, ìlú tó tóbi jù ní Outer Hebrides, fún oṣù April lọ báyẹn, ẹni tó ni ín kò dá kọ́bọ̀ padà. Nígbà tí àṣẹ fi máa dé, ìgbà ooru ti wọlé, àwọn arìnrìn-àjò ti kún erékùṣù, owó yàrá ti fò sókè. Èèyàn ò sì lè fi iṣẹ́ dí i, torí ẹni tó ní físà akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀. Oṣù tí ẹni tó ń ṣe máàstà fi ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá nígbà ooru kì í ṣe ìsinmi lójú òfin wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Peckham ní London ló gbà mí. Ó ní ṣé torí orin ni gbogbo èyí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá mi, torí orin ni.

Ìrìn àjò kò ní ìtàn: bọ́ọ̀sì láti Inverness dé Ullapool, ọkọ̀ ojú omi láti ibẹ̀ dé Stornoway ní erékùṣù Lewis, kò tó wákàtí mẹ́ta lórí omi. Kí ẹ ṣáà má fi iṣẹ́ kankan sí ọjọ́ Àìkú. Wọn ò fi ọjọ́ ìsinmi ṣeré níbẹ̀. 2009 ni ọkọ̀ ojú omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná Stornoway lọ́jọ́ Àìkú, ariwo tó sì tẹ̀lé e kò kéré.

Ìyá tí mo lọ bá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo gbé ìwé Gaelic síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ sí i láìkà á, ó ní kí n mu tíì. Mo béèrè orin, kò dáhùn. Ó dìde, ó ki tówẹ̀lì bọ omi, ó fún un, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì ilé ìdáná. Ó gbá a mọ́lẹ̀ síwájú, ó fà á padà, ó tún gbá a mọ́lẹ̀, ó wá tì í sí ọwọ́ òsì, sọ́dọ̀ mi, torí ọ̀nà tí oòrùn ń gbà ni aṣọ gbọ́dọ̀ máa yí sí. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni orin tó jáde. Bó bá dáwọ́ dúró, ìlà tó kàn á sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá tún gbá tówẹ̀lì, orin á máa lọ. Nígbà tó parí, ó fi ìka àárín wọn ìbú tówẹ̀lì náà, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń wọn aṣọ láti mọ̀ bóyá ó ti sún kì tó. Ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ ní kí n kọ sílẹ̀ ṣáájú, tí mo bá rọ̀ mọ́ ọn, mi ò bá má gba orin kan sílẹ̀. Máàkì tí wọ́n fún iṣẹ́ náà ga, ọ̀gá sì ni ọjọ́ yẹn nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Mo ń fi yangàn. Pẹ̀lú ìyọ̀ọ̀da ìyá náà, mo fi ẹ̀dà ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn abúlé rẹ̀, comann eachdraidh ni wọ́n ń pè é.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, béèrè ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ethics ń jókòó kí o tó san owó ilé-ìwé, kí o sì ti fọ́ọ̀mù bọ̀ ọ́ kí ọdún tó parí. Bó o bá ń dúró, lọ sórí Tobar an Dualchais lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 2010 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni, ohùn tí School of Scottish Studies, BBC àti àwọn tó ń tọ́jú àkójọ erékùṣù Canna gbà sílẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí mo bá tún máa ṣe é, ibẹ̀ ni màá ti mú iṣẹ́ mi jáde, màá fi ìrìn àjò ṣe àlékún. Kọ̀wé sí comann eachdraidh abúlé tó o fẹ́ lọ, wọ́n mọ ẹni tó ṣì ń kọrin ju yunifásítì lọ. Má sì san owó yàrá kankan sílẹ̀ àfi èyí tí wọ́n bá lè dá padà fún ọ, tí o bá pa dà ní kí wọ́n yí ọjọ́ rẹ̀.