Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ooru, Láti Orí Omi Kẹ́tùlù Dé Orí Pure Water Tó Dì

Ẹni tó ń ta omi tútù ní Oṣòdì mọ̀ pé pure water tí wọ́n kó sínú fíríísà kì í pẹ́ tutù, ṣùgbọ́n kó tó dì gbagidi, iṣẹ́ ńlá ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "ó ti tutù" àti "ó ti dì" ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín specific heat capacity àti latent heat. Ẹni tó bá lè dá méjèèjì mọ̀ nínú ìbéèrè WAEC, ìṣirò tó kù kò le.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé ìgbóná nǹkan yìí ló ń yí padà ni, àbí nǹkan náà fúnra rẹ̀ ló ń di nǹkan mìíràn, bíi kí yìnyín di omi tàbí kí omi di èéfín?

Bó bá jẹ́ ìgbóná ló ń yí padà, tí tẹmómítà ń lọ sókè tàbí tó ń bọ̀ wálẹ̀, èyí ni ẹ máa lò:

Q = m × c × ΔT

Q ni ooru, joule la fi ń wọ̀n ọ́n. m ni ìwúwo ní kílógíráàmù. ΔT ni iye dígíríì tó fi gòkè tàbí tó fi wálẹ̀. c ni specific heat capacity, ìyẹn iye ooru tí kílógíráàmù kan nǹkan náà ń gbà kó tó fi dígíríì kan gbóná sí i. Ti omi jẹ́ 4200, ti yìnyín 2100, ti alumíníọ̀mù 900, ti bàbà 390. Ẹ rí i pé omi ju gbogbo wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò òfìfo fi ń gbóná kíákíá lórí iná, tí èyí tó kún fómi sì ń pẹ́.

Bó bá jẹ́ pé ó ń yọ́, ó ń dì, tàbí ó ń hó di èéfín, tẹmómítà á dúró sójú kan. Ẹ lo èyí:

Q = m × L

Kò sí ΔT níbẹ̀ rárá. L ni latent heat, ìyẹn iye ooru tó ń wọlé tàbí tó ń jáde bí kílógíráàmù kan bá ń di nǹkan mìíràn. Ó jẹ́ 336,000 joule fún kílógíráàmù yìnyín kan tó ń yọ́ tàbí omi kan tó ń dì, 2,260,000 fún kílógíráàmù omi kan tó ń di èéfín. Joseph Black, ará Scotland tó ń kọ́ni ní yunifásítì Glasgow, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí ọdún 1762. Ooru ń wọlé, tẹmómítà ò mì, síbẹ̀ ooru náà ò sọnù: òun ló ń já ohun tó so àwọn mólíkù omi pọ̀ mọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká fi kẹ́tùlù bẹ̀rẹ̀. Omi lítà 1.5 wúwo tó kílógíráàmù 1.5. L'Ékòó, omi tó wà nínú garawa á wà ní nǹkan bíi 30°C, nítorí náà 70 ló kù kó tó dé 100.

1.5 × 4200 × 70 = 441,000 joule

Bí wọ́n bá kọ 2000 W sí ìdí kẹ́tùlù, joule 2000 ló ń fún omi ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in: nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogójì àáyá. Ṣùgbọ́n iná 230 volt ni wọ́n fi ṣírò 2000 W yẹn. Bí iná bá lọ sílẹ̀ sí 180 volt, bó ṣe máa ń ṣe ládùúgbò wa, agbára kẹ́tùlù á di (180 ÷ 230)² × 2000, ìyẹn nǹkan bíi 1225 W. Omi kan náà á wá gba ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kẹ́tùlù ò bàjẹ́, iná ni ò le.

Tí ẹ bá wá fẹ́ kí omi yẹn hó gbẹ, 1.5 × 2,260,000 = 3,390,000 joule, ó ju ìlọ́po méje ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ń ra gáàsì lówó gọbọi, ẹ jọ̀ọ́, bí omi ẹ̀wà bá ti hó, ẹ rẹ iná sílẹ̀. Èyí tó ń hó gidigidi àti èyí tó ń hó jẹ́jẹ́, 100°C ni méjèèjì. Gáàsì tó lé yẹn, èéfín ló ń bá lọ.

Ó wá kan pure water, 50cl, kílógíráàmù 0.5. A fẹ́ gbé e láti 30°C dé yìnyín −10°C. Ẹ fa ìlà kan, kí ẹ kọ 30 sókè, 0 sáàárín, −10 sísàlẹ̀. Ibi 0 ni omi ti ń di yìnyín, ó gbọ́dọ̀ ní ìṣirò tirẹ̀.

30 dé 0: 0.5 × 4200 × 30 = 63,000
Dídì ní 0: 0.5 × 336,000 = 168,000
0 dé −10: 0.5 × 2100 × 10 = 10,500
Àpapọ̀: 241,500 joule

Ẹ wo ìlà kejì dáadáa. Ó ju ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ti àkọ́kọ́ lọ, tẹmómítà ò sì kúrò lórí 0. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì: wọ́n á kọ 0.5 × 4200 × 40, wọ́n á sì kọjá lọ. Wọ́n fo dídì, wọ́n tún lo c omi fún yìnyín. Ẹ ṣọ́ ìwúwo náà: bí ìbéèrè bá sọ gíráàmù 500, 0.5 lẹ máa kọ.

Èyí tó kẹ́yìn ni àdàlù. Ooru tí ọ̀kan pàdánù ni èkejì gbà. Ẹ ju yìnyín kílógíráàmù 0.1 tó wà ní 0°C sínú omi kílógíráàmù 0.5 tó wà ní 30°C. Omi ń pàdánù. Yìnyín ń kọ́kọ́ yọ́, lẹ́yìn náà omi tó yọ́ á wá gbóná dé T, ìyẹn ìgbóná tí gbogbo rẹ̀ máa dúró sí.

0.5 × 4200 × (30 − T) = 0.1 × 336,000 + 0.1 × 4200 × T
63,000 − 2100T = 33,600 + 420T
T = 29,400 ÷ 2520 = 11.7°C

Ẹni tó bá gbàgbé latent heat á rí 25°C. Ẹni tó ti mu zobo oníyìnyín rí mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá dán an wò, ẹ lo ife fóòmù, kí afẹ́fẹ́ má bàa máa fún un ní ooru. Kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nu yìnyín kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Omi tó wà lára rẹ̀ ti yọ́ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ òṣùwọ̀n á kà á mọ́ yìnyín. Bí gíráàmù 10 nínú 100 yẹn bá jẹ́ omi, 3,360 joule ti yọ kúrò nínú 33,600, tẹmómítà á sì dúró lórí 13°C dípò 11.7.