Ìtọ́sọ́nà Lórí Pípa Kẹ́míkà Eléwu Mọ́ ní Ibi Iṣẹ́

Ìwé yìí wà fún gbogbo ẹni tí kẹ́míkà ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá: òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń lo ọ̀dà àti tínà, àgbẹ̀ tó ní yàrá oògùn apakòkòrò àti ajílẹ̀, àti ọ̀gá tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣọ́ra nígbà tí wọ́n bá ń da kẹ́míkà tàbí tí wọ́n bá ń pò ó, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dé e tán, tí wọ́n sì gbé e sí igun yàrá, ọkàn wọn a balẹ̀. Kò yẹ kó balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kẹ́míkà tó wà nípamọ́ kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró: òmíràn ń tú oru jáde gba abẹ́ ìdérí, òmíràn ń jẹ agolo tí a rọ ọ́ sí díẹ̀díẹ̀, òmíràn sì ń yí padà bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, títí yóò fi léwu ju bí a ṣe rà á lọ.

Nígbà tí ẹrù tuntun bá dé, àyè tó ṣófo lórí pẹpẹ ni ojú máa ń kọ́kọ́ wá. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni èyí: kí ni yóò jẹ́ aládùúgbò rẹ̀?

Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ pamọ́

Ìwé kan wà tó yẹ kí olùtajà fi tẹ̀ lé kẹ́míkà tó bá tà fún ibi iṣẹ́, èyí tí a lè pè ní ìwé àlàyé ààbò. Abala 16 ló wà nínú rẹ̀, ètò kan náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nítorí náà ẹni tó bá ti mọ ọ̀kan kà yóò mọ ìyókù kà. Bí àkókò kò bá sí láti ka gbogbo rẹ̀, abala keje ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ bí a ṣe ń pa á mọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí abala kẹwàá, níbi tí wọ́n ti dárúkọ àwọn ohun tí kò gbọ́dọ̀ fara kàn án. Abala kẹrin wà fún ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀, abala kẹfà sì wà fún ohun tí a ó ṣe bí ó bá dà sílẹ̀. Ẹ má ṣe gba kẹ́míkà wọlé láìsí ìwé yìí, kódà bí ẹni tó gbé e wá bá ń kánjú.

Lára agolo tàbí kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀, ẹ wo àwọn àwòrán tó wà nínú onígun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó, tí ìlà pupa yí ká. Ahọ́n iná túmọ̀ sí pé ó tètè ń gbiná. Ahọ́n iná tó wà lórí òbìrípo túmọ̀ sí pé ó ń fún iná lágbára. Àwòrán ohun tó ń kán sórí ọwọ́ àti sórí irin túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ara, ó sì ń jẹ irin. Agbárí òkú pẹ̀lú egungun méjì túmọ̀ sí májèlé tó lè pani kíákíá. Méjì àkọ́kọ́ yìí jọra débi pé ojú tó ń kánjú lè ṣì wọ́n mú, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì gan-an ni kò gbọ́dọ̀ sùn nínú yàrá kan náà.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ bára wọn gbé

Iná kò lè jó láìsí ohun tí yóò jẹ, láìsí ooru, àti láìsí ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́. Bẹntiróòlù, tínà àti ásẹ́tóònù wà lára ohun tí iná ń jẹ. Ní òdì kejì, àwọn kẹ́míkà bíi kúlórìn lúlúbú tí wọ́n ń dà sínú omi ìwẹ̀, haidirójìn pẹrọ́síàìdì, àti náítíríìkì ásíìdì ti gbé ọ́síjìn tiwọn dání. Bí irú wọn bá bá iná pàdé, a kò lè fi aṣọ tàbí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń pa iná bò ó pa, nítorí kò dúró de afẹ́fẹ́ kó tó jó. Kúlórìn lúlúbú tí epo tàbí gíríìsì bá kàn lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé yàrá ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe pẹpẹ ọ̀tọ̀ lásán.

Ásíìdì náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Bí ó bá kan bílíìṣì, gáàsì kúlórìn ni yóò tú jáde, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bílíìṣì àti amóníà pẹ̀lú máa ń mú gáàsì olóró jáde. Bí ásíìdì àti kọ́sítíìkì sódà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, bá pàdé, wọn a gbóná, wọn a hó, wọn a sì ta síni lójú. Ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò mọ̀ ni pé ásíìdì méjì pàápàá lè má bára wọn gbé: náítíríìkì ásíìdì kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí ásẹ́tíìkì ásíìdì, nítorí pé ásẹ́tíìkì ń jó, náítíríìkì sì ń fún iná lágbára. Ẹni tó bá kó gbogbo ohun tó ń jẹ́ ásíìdì sí ojú kan nítorí orúkọ tó so wọ́n pọ̀ ti ṣe àṣìṣe.

Omi pẹ̀lú jẹ́ aládùúgbò tó yẹ ká ronú sí. Kábáàdì tí omi bá kàn máa ń mú gáàsì asẹ́tílíìnì jáde, èyí tó tètè ń gbiná, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òrùlé tó ń jò. Láàárín alẹ́ ọjọ́ 2 sí òwúrọ̀ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1984, ní ìlú Bhopal ní Íńdíà, omi wọ inú táǹkì tí wọ́n pa kẹ́míkà kan mọ́ sí, èyí tí wọ́n fi ń ṣe oògùn apakòkòrò. Kẹ́míkà náà gbóná, ó hó, gáàsì rẹ̀ sì tú bo àwọn tó ń sùn ní àdúgbò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kú.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tó ń ta ajílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Amóníọ̀mù náítíréètì, tí a mọ̀ sí ajílẹ̀, kì í gbiná fúnra rẹ̀ bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí iná bá mú un níbi tó há, tàbí tí ìdọ̀tí, epo àti pákó bá wà láàárín rẹ̀, ó lè bú gbàmù. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ West ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, inú àpótí onípákó, nínú ilé onípákó, ni wọ́n kó o sí nígbà tí iná sọ. Ènìyàn 15 ló kú, 12 nínú wọn sì jẹ́ àwọn tó wá pa iná náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, nǹkan bíi 2,750 tọ́ọ̀nù rẹ̀, tó ti wà nínú ilé ìkẹ́rùsí ní èbúté Beirut ní Lẹ́bánónì fún ọ̀pọ̀ ọdún, bú gbàmù, àwọn tó kú sì lé ní igba. Ẹ fi ilé tí kò lè jó pa á mọ́, kí epo, ìmí-ọjọ́, èédú àti koríko gbígbẹ jìnnà sí i.

Yàrá ìpamọ́ fúnra rẹ̀

Oru bẹntiróòlù àti ti tínà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló máa ń rìn bí omi, ó sì lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ bá iná tó wà ní yàrá kejì, kí iná náà sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà. Fèrèsé tó wà lókè nìkan kò tó, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ihò atẹ́gùn wà nítòsí ilẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ lo iná mànàmáná tí a ṣe fún irú yàrá bẹ́ẹ̀, tí kì í ta pàrà, kí oòrùn má sì lè tàn tààrà sórí ike.

Ilẹ̀ yàrá gbọ́dọ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì dídán tí kò sán, kí odi kékeré tàbí ọpọ́n ńlá sì wà tí yóò gba ohun tó bá jò. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé kí ó lè gba ìdá 110 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú agbè tó tóbi jù. Bí dúrọ́ọ̀mù oní-lítà 200 bá ni ó tóbi jù, lítà 220 ni kí ọpọ́n yín lè gbà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọpọ́n kan wà fún ásíìdì àti bílíìṣì pọ̀, torí ibẹ̀ ni wọn yóò ti pàdé nígbà tí wọ́n bá jò. Lórí pẹpẹ, ẹ má gbé ohun olómi sókè ju ojú lọ, kí ohun olómi sì wà nísàlẹ̀ ohun lúlúbú.

Sìlíńdà gáàsì gbọ́dọ̀ dúró gangan, kí a fi ṣéènì dè é mọ́ ògiri, kí a sì dé fila irin rẹ̀ bí a kò bá lò ó. Sìlíńdà ọ́síjìn gbọ́dọ̀ fi mítà 6 jìnnà sí ti gáàsì tó ń jó, àfi bí ògiri tó ga tó mítà kan àbọ̀, tó sì lè fara da iná fún ààbọ̀ wákàtí, bá wà láàárín wọn. Ọwọ́ tó ní epo kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọ́síjìn.

Ohun tí a rọ ọ́ sí

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí, kò sí èyí tó ń dùn wá tó kẹ́míkà tí wọ́n rọ sínú ike omi tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ kò lè mọ̀, àgbà tó ti rẹ̀ kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi sílẹ̀ nínú agbè tó bá wá. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ rọ ọ́ sí òmíràn, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ewu rẹ̀ sára rẹ̀ kí ẹ tó dà á, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i pẹ̀lú. Íítà, ohun olómi kan tí wọ́n ń lò ní ilé àyẹ̀wò, bí àpẹẹrẹ, máa ń di ohun tó lè bú gbàmù bí afẹ́fẹ́ bá ti ń kàn án fún ìgbà pípẹ́. Kọ́sítíìkì sódà ń jẹ alumíníọ̀mù, ó sì ń mú gáàsì tó ń jó jáde. Haidirofuloríìkì ásíìdì ń jẹ gíláàsì, ike tó bá a mu ni a ń rọ ọ́ sí.

Bí ó bá dà sílẹ̀, àti lẹ́yìn tí ó bá tán

Bí kẹ́míkà bá ta sí ojú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì ranjú kalẹ̀ kí omi lè wọ abẹ́ ìpéǹpéjú. Omi náà gbọ́dọ̀ wà nítòsí yàrá, kó má jẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ pọn ọ́n. Yanrìn gbígbẹ ni kí ẹ fi fa ohun tó dà sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìyẹ̀ pákó gbá náítíríìkì ásíìdì tàbí ohun mìíràn tó ń fún iná lágbára, torí pé ìyẹ̀ náà lè gbiná.

Ẹ lẹ àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó wà nínú yàrá àti ìwọ̀n wọn sí ìta, lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, nítorí pé àkọsílẹ̀ tó wà nínú yàrá tó ń jó kò lè ran panápaná kankan lọ́wọ́.

Dúrọ́ọ̀mù tó ti ṣófo kò tíì ṣófo tán. Oru tó kù nínú dúrọ́ọ̀mù tínà ló máa ń bú gbàmù nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ gé e pẹ̀lú iná jórinjórin, nítorí náà ẹ má gé e, ẹ má sì fi pọn omi. Agolo oògùn apakòkòrò ni kí ẹ fi omi ṣàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ da omi náà sínú ẹ̀rọ ìfúnká pẹ̀lú oògùn tí ẹ ń lò, lẹ́yìn náà kí ẹ lu ihò sí ìdí agolo náà kí ẹnikẹ́ni má bàa tún gbé e lọ sí ilé ìdáná.