Bí Mo Ṣe Tọpa Iná Tó Ń Ṣe Ségesège Nínú Ẹ́ńjìnnì Tírélà Kan ní Gànmọ́

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan tírélà náà nígbà tí wọ́n wà á dé ṣọ́ọ̀bù wa ní Gànmọ́ ni pé ó máa ń kú lójijì lórí ìrìn, pàápàá níbi tí títì bá ti bàjẹ́, àti pé láàárọ̀, sítátà á máa yí i kíkankíkan ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò ní í gbà. Sìmẹ́ǹtì ni ọkọ̀ náà ń kó láti Ìlọrin lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí dísẹ́ẹ̀lì kì í wọ inú sílíńdà àyàfi bí kọ̀ǹpútà náà, tí gbogbo wa mọ̀ sí brain box, bá pàṣẹ. Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ti sọ fún Alhaji tó ni ọkọ̀ pé brain box ló bàjẹ́, kí wọ́n lọ wá owó òmíràn. Owó náà kì í ṣe kékeré, ìdí nìyẹn tí Alhaji fi ní kí n bá àwọn wò ó ná.

Kí n tó mú irinṣẹ́ kankan, mo jókòó ti awakọ̀, mo ní kí ó ròyìn fún mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bó bá ti fẹ́ kú báyìí, gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù á kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Mo bá sọ̀ kalẹ̀, mo gbá àpótí bátìrì pẹ́ẹ́, á sì tún gbà.” Ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún mi púpọ̀, torí pé ara ẹ́ńjìnnì ni brain box ọkọ̀ yẹn wà, kò sí nítòsí àpótí bátìrì rárá. Nígbà tí mo fi ẹ̀rọ ka àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀, kóòdù SPN 168 pẹ̀lú FMI 4 ló gbé jáde, ìyẹn ni pé iná tó ń wọ inú brain box kò tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń fẹjọ́ sùn gan-an ni wọ́n fẹ́ dá lẹ́bi yẹn.

Ọ̀dọ̀ bátìrì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Bátìrì olófóòtì (volt) 12 méjì ni wọ́n so tẹ̀lé ara wọn kí iná lè di fóòtì 24. Mo jẹ́ kí wọ́n sinmi dáadáa, mo sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nítorí pé bí a bá wọn méjèèjì pọ̀, èyí tó lágbára á bo àṣírí èyí tó ti rẹ̀. Ọ̀kan gbé 12.7 jáde, èkejì kò ju 12.2 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni bátìrì tó bá kún gbọ́dọ̀ tó 12.6 ó kéré tán. Kò pẹ́ tí mo fi rí ohun tó fà á: ẹnìkan ti fa wáyà rédíò àti ti ohun tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù láti ara bátìrì kan ṣoṣo, kí wọ́n lè rí fóòtì 12 lò. Ó pọ̀ lára àwọn tírélà wa. Ohun tó ń ṣe ni pé bátìrì tí wọ́n ń fa iná lára rẹ̀ kì í kún mọ́, alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, á sì máa rọ iná àrọjù sínú èkejì, títí méjèèjì á fi kú láìtọ́jọ́. Mo yọ wáyà náà, mo gba iná sí èyí tó rẹ̀, mo sì fọ orí àwọn bátìrì náà. Alternator kò ní ìṣòro: nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí a tan gbogbo iná ọkọ̀, mo rí 27.9.

Ẹlòmíràn ì bá ní iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n bátìrì tó rẹ̀ kò lè sọ ìdí tí ọkọ̀ fi ń kú nígbà tí alternator ń gbé iná wá. Sítátà tó ń yí kíkankíkan náà kò sì lè jẹ́rìí fún brain box, torí pé wáyà ńlá tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń gbé iná fún un. Iná brain box gba ojú ọ̀nà mìíràn, láti ara bátìrì, gba inú fíúsì, kí ó tó dé òkè, ó sì ní wáyà áàtì tirẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ nẹ́gẹ́tífù, tó ń padà sí bátìrì.

Mo yọ orí bátìrì, nẹ́gẹ́tífù ni mo kọ́kọ́ yọ, kí n tó fa sókẹ́ẹ̀tì brain box jáde, mo sì dá bátìrì padà. Mo fi mítà kan ojú wáyà méjèèjì tó ń gbé iná wọlé: 25.4, kò dín rárá. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ rẹ̀wáyà ti máa ń sọ pé iná pé. Ṣùgbọ́n iná tí mítà ń mu kò tó nǹkan kan, wáyà tó kù fọ́nrán méjì péré ṣì lè gbé e fún un. Mo wá mú gílóòbù iná iwájú ọkọ̀, ti fóòtì 24 tó jẹ́ wáàtì 70, tó máa ń fa nǹkan bíi ámúpù 3, mo so ó mọ́ ojú wáyà méjì náà. Gílóòbù náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí iná àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀, mítà sì já wálẹ̀ sí 18.0.

Fóòtì 7 àti díẹ̀ ti sọnù lójú ọ̀nà nìyẹn, ó kù kí n mọ ẹsẹ̀ tó gbà lọ. Gílóòbù ṣì ń tàn nígbà tí mo fi ẹnu mítà kan sí orí pọ́sítífù bátìrì, tí mo fi èkejì sí pọ́sítífù sókẹ́ẹ̀tì, 0.3 péré ni mo rí. Mo ṣe bákan náà ní ẹ̀gbẹ́ nẹ́gẹ́tífù, mo sì rí 6.9. Orí bátìrì fúnra rẹ̀ wà ní 25.2 lásìkò náà. Ẹ ro 18.0, 0.3 àti 6.9 pọ̀, ẹ ó rí i pé ìṣirò náà dọ́gba. Bí ìṣirò bá dọ́gba báyìí, ọkàn mi máa ń balẹ̀ pé kò sí ibòmíràn tí olè tún fara pamọ́ sí. Wáyà áàtì ni.

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi máa wo gílóòbù, èmi sì ń fọwọ́ mi wáyà áàtì náà díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ mi dé ẹ̀yìn àpótí bátìrì, ó kígbe pé, “Ọ̀gá, ó kú! Ó tún ti tàn!” Téèpù dúdú ni wọ́n wé mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé wọ́n kàn lọ́ wáyà méjì mọ́ra ni, wọn kò jó o. Atẹ́gùn àsíìdì bátìrì ti jẹ bàbà rẹ̀ di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn fọ́nrán náà sì ń já wálẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wá yé mi: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná alternator ṣì máa ń kù tó fún brain box lẹ́yìn àdánù yìí, àfi bí kòtò bá gbọn wáyà náà tó yà pátápátá. Láàárọ̀, tí sítátà bá ti fa bátìrì wálẹ̀ sí nǹkan bíi 20, tí a tún yọ 7 kúrò níbẹ̀, kò sí ohun tó kù tí brain box lè fi ṣiṣẹ́ geere.

N kò so ó padà lójú ibi tó ti já. Mo gé rọ́bà wáyà náà sókè díẹ̀díẹ̀, torí bàbà inú rẹ̀ ti dúdú kọjá ibi tí ojú rí, títí mo fi kan bàbà tó ń dán. Wáyà tuntun tó nípọn ni mo fi rọ́pò gbogbo èyí tó kù títí dé orí nẹ́gẹ́tífù bátìrì, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó ìsopọ̀ rẹ̀, mo sì fi rọ́bà tó ń súnkì bò ó. Mo tún pààrọ̀ ilé fíúsì tí ooru ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Nígbà tí mo tún gbé gílóòbù yẹn síbẹ̀, ó mọ́lẹ̀ gbòò, àdánù ẹ̀gbẹ́ áàtì kò sì ju 0.1 lọ.

Mo kìlọ̀ fún awakọ̀ nípa ohun méjì tó máa ń ba brain box jẹ́ ní tòótọ́: yíyọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, àti jíjẹ́ kí wẹ́dà jó irin lára ọkọ̀ láìyọ bátìrì àti sókẹ́ẹ̀tì brain box. Lẹ́yìn náà ni a di mítà mọ́ ojú iná brain box, a fi í sí ibi tó ti máa ń pa iye tó kéré jù mọ́, a sì wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, a gba gbogbo kòtò tí a rí. Kò kú, iye tó kéré jù lórí ìrìn sì jẹ́ 27.4.

Alhaji mú wáyà jíjẹrà náà lọ́wọ́, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ní, “Ṣé èyí nìkan náà ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ wọ́n ṣì jẹ mí ní owó ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ fóòtì 24 di 12, torí awakọ̀ ti ní òun kò lè dé Ọ̀mù-Àrán láìgbọ́ rédíò.