Bí Mo Ṣe Kó Owó Àwọn Oníṣòwò Ìgbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà Jọ

Nígbà tí Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀, ọkàn ará ìlú kò balẹ̀ mọ́. Wọ́n rọ́ wúrà pamọ́, wọ́n rọ́ fàdákà pamọ́, títí sẹ́ǹtì kan ṣoṣo fi di àwátì lọ́dún 1862. Sítáǹpù lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣe ṣéńjì, òun náà sì ń lẹ̀ mọ́ra wọn lápò. Ni àwọn oníṣòwò bá lọ tẹ owó bàbà tiwọn.

Oríṣi méjì ló pọ̀ jù. Ọ̀kan ń yin Amẹ́ríkà, àsíá àti orí ènìyàn ló wà lára rẹ̀. Èkejì ni ti oníṣòwò: orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe. Èkejì yìí ni mo yàn, torí ènìyàn gidi tó jí lówùúrọ̀ tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ló wà nídìí rẹ̀.

Ti Gustavus Lindenmueller, olótí ní New York, ni mo kọ́kọ́ wá. Ojú onírùngbọ̀n wà níwájú, ife bíà wà lẹ́yìn. Ó tẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ! Ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà lórí irin ní òpópónà Third Avenue ń gbà á lọ́wọ́ èrò, àmọ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà kó o jọ lọ bá Lindenmueller pé kó fi owó gidi pààrọ̀ rẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó dùn mí fún wọn. Ní April 22, 1864 ni òfin wá ka irú sẹ́ǹtì àdáni bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Níbi ìpàtẹ owó àtijọ́ ni mo ti rà á. Mo kọ́kọ́ wọn ìbú rẹ̀: bíi mílímítà 19, bákan náà pẹ̀lú sẹ́ǹtì ìgbà náà. Mo wá ṣí ìwé tí George àti Melvin Fuld fi to àwọn owó yìí lẹ́sẹẹsẹ. NY630AQ-4a ló jẹ́: NY ni ìpínlẹ̀, 630 ni ìlú, AQ ni oníṣòwò, 4 ń tọ́ka sí àwòrán tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, a sì ni bàbà. Ìwé yẹn tún ń sọ bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó, láti R1 tó pọ̀ dé R10 tó jẹ́ ẹyọ kan péré. Ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó dúnàá dúrà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má bó o. Àwọ̀ ilẹ̀ tó ti hù lára rẹ̀ ni iyì rẹ̀. Ọ̀rá PVC náà léwu, ó ń mú kí bàbà yọ àwọ̀ ewé. Inú páálí kékeré ni mo fi tèmi sí, mo sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i.

Ti ìlú Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio ni mo ń wá báyìí, OH165 nínú ìwé Fuld, torí kò sí ìlú tí oníṣòwò rẹ̀ tẹ irú owó yìí tó o.