Ìjà lórí ọ̀rọ̀ ojú ìkànnì nínú iṣẹ́ open source (sọ́fítíwia tí kóòdù rẹ̀ wà ní ṣíṣí fún gbogbo èèyàn): ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹnì kan ti yí ojú-ewé wa padà. Báwo la ṣe máa mọ ẹni náà?

Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo àtúnṣe fáìlì, ló mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ `git log -p -- orúkọ-fáìlì`. Orúkọ, ọjọ́ àti ìlà tó yí padà wà níbẹ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

A ti fẹnu kò, àtúnṣe ti wọ main (ẹ̀ka gbòógì tí ìkànnì ń ti inú rẹ̀ jáde), síbẹ̀ ti àtijọ́ ló ń hàn.

Ẹ wò ó bóyá build (iṣẹ́ tó ń sọ fáìlì di ojú-ewé ìkànnì) parí láìsí àṣìṣe. Bó bá parí, ẹ pa cache (ẹ̀dà àtijọ́ tí a fi pamọ́) rẹ́.

Ẹni méjì ń pa ọ̀rọ̀ ara wọn rẹ́ látàárọ̀.

Ẹ dá ojú-ewé náà padà sí bó ṣe wà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, kódà bí kò bá wù yín. `git revert`, tó ń fi àkọsílẹ̀ tuntun fagi lé àtúnṣe, ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ má fi `git push --force` bo ìtàn mọ́lẹ̀, torí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pòórá kò ní gbà láé pé kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ti main pa: pull request (ìbéèrè pé kí àtúnṣe wọlé) tí ẹni kẹta tí kò sí nínú ìjà bá fọwọ́ sí nìkan ni kó máa wọlé. Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì gbé tiwọn lé iye: ẹni tó bá fa iṣẹ́ ẹlòmíràn yọ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójú-ewé kan láàárín wákàtí 24, wọ́n lè dí i lọ́wọ́. “Ẹ ní sùúrù” nìkan kì í pa iná yìí.

Oṣù kan rèé tí a ti ń jiyàn, ojú kan náà la ṣì wà.

Ìjà mẹ́ta lẹ so pọ̀ mọ́ra. Ẹ yọ ẹyọ gbólóhùn tó ń fa wàhálà síta. Ká ní “Sọ́fítíwia wa yára ní ìlọ́po méjì ju ti àwọn yòókù lọ” ni. Ṣé òótọ́ ni? Èyí kò gba ìbò. Kí ẹni tó kọ ọ́ mú àṣẹ tó tẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀yà sọ́fítíwia kọ̀ọ̀kan àti irú kọ̀ǹpútà tó lò wá, kí ẹlòmíràn dán an wò. Bí kò bá rí i mú wá, kí gbólóhùn náà kúrò. Ṣé bó ṣe yẹ ká kọ ọ́ nìyẹn? Ẹni tó ń bójú tó ìwé àlàyé ni kó pinnu. Ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká máa fi ara wa wé ẹlòmíràn? Èyí nìkan ló tó dìbò lé lórí. Ní Apache, àjọ tó ń bójú tó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ open source, ìbò máa ń wà ní ṣíṣí fún ó kéré tán wákàtí 72, kí ẹni tí ilẹ̀ ṣú sí lè rí i. Bí ẹnì kan bá sì fi −1 (ìbò “rárá”) dá àtúnṣe kóòdù dúró láìsọ ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, −1 náà kò já mọ́ nǹkan kan.

A jà, a fa àtúnṣe náà yọ, a sì parí ìjà. Nígbà tí a tún merge branch náà (tí a tún da ẹ̀ka tí àtúnṣe náà wà pọ̀ mọ́ main), ìdajì ọ̀rọ̀ kò wọlé. Àbí ẹnì kan ń fọ̀bẹ ẹ̀yìn jẹ wá níṣu?

Rárá o! Ẹ̀sùn yìí ló ń dunni jù, torí ẹ̀yìn tí àwọn èèyàn ti bọ ara wọn lọ́wọ́ ló máa ń dé.

Nígbà tí ẹ tẹ `git revert -m 1` (`-m 1` ń sọ pé ìhà main ni kí Git mú), ọ̀rọ̀ tí merge náà mú wá lẹ yọ. Ẹ kò yọ ìtàn rẹ̀. Àwọn commit (àkọsílẹ̀ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan) branch náà ṣì wà lákọsílẹ̀ nínú main pé àwọn ti wọlé. Bí ẹ bá tún un merge, Git á ní àwọn wọ̀nyí ti dé tẹ́lẹ̀, kò sì ní tún wọn kó. Bí kò bá sí commit tuntun, “Already up to date” lẹ máa rí. Bó bá wà, àkọlé tí ẹ tún ṣe lẹ́yìn ìpàdé á yọ, ìpínrọ̀ mẹ́ta tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀ á di àwátì. Nígbà mìíràn conflict (àtúnṣe méjì tó tako ara wọn) ló ń kọ́kọ́ yọjú. Ẹni tó ń yanjú rẹ̀ á mú ti main, ọ̀rọ̀ á sì tún sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ láìfura.

Ìfàyọ yẹn gan-an ni kí ẹ fà yọ. `git log --oneline --grep=Revert` á fi hàn yín; ẹ mú nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ tẹ `git revert nọ́ńbà-náà` lórí main. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí `-m 1`, torí commit lásán ni, kì í ṣe merge. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ á padà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá merge àtúnṣe tuntun, kí ẹ sì fi `git diff` (tó ń fi ìyàtọ̀ hàn) han tọ̀tún-tòsì kó tó jáde.

Ojú-ewé tí awuyewuye bá ti wà lórí rẹ̀, squash merge (tó ń pa gbogbo commit branch pọ̀ di ẹyọ kan) ni kí ẹ máa lò fún un. Commit branch kì í wọ ìtàn main bẹ́ẹ̀, nítorí náà wàhálà yìí kì í ṣẹlẹ̀.

Àdírẹ́sì ilé ẹnì kan ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní yọ ọ́.

Ẹ yọ ọ́ lónìí, kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ó ṣì wà nínú ìtàn Git. `git filter-repo` lè pa á rẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà gbogbo commit láti ibẹ̀ wá á yí padà, gbogbo èèyàn á ní láti clone (da gbogbo iṣẹ́ náà kọ sórí kọ̀ǹpútà wọn) lákọ̀tun, ẹni tó bá sì push (fi iṣẹ́ ránṣẹ́) láti inú clone àtijọ́ lè dá a padà. Ẹ má fi èyí kọ́ṣẹ́. Ẹ pe ẹni tó ti ṣe é rí, kí ẹ sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé repository (àpò fáìlì àti ìtàn iṣẹ́) yín dúró, torí ẹ̀dà lè wà lọ́wọ́ wọn tí ọwọ́ yín kò tó.